Níbo ni ṣúgà yẹn gbà lọ? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan wa tá a bá ń rìn

Àǹtí mi kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló bi mí ní ìbéèrè yìí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo sì fi rò ó kí n tó mọ bí màá ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn. Wọ́n jẹun alẹ́ tán, wọ́n gún ìka wò, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sọ pé 186 (mg/dL ni wọ́n fi ń kà á). Wọ́n wá bọ́ sí títì, wọ́n rìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, wọ́n padà wọlé, wọ́n tún gún ìka, ó ti di 131. Wọn ò lo oògùn kankan láàárín ìgbà yẹn o, wọn ò tọ̀, wọn ò tiẹ̀ làágùn púpọ̀ torí atẹ́gùn ń fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n wá pè mí lórí fóònù: "Ìwọ tó o ka ìwé, níbo wá ni ṣúgà yẹn gbà lọ?"

Ìbéèrè gidi ni. Torí ọ̀pọ̀ wa, òógùn la rò pé ó ń gbé e jáde, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí àwọn tó ń wé náílọ́ọ̀nù mọ́kùn kí wọ́n tó lọ sáré láàárọ̀, wọ́n ní kí ọ̀rá lè yọ́ dànù. Òógùn ò gbé ọ̀rá, kò sì gbé ṣúgà kankan tó ṣe é kà sí. Omi àti iyọ̀ ni, ara fi ń mú kí ara ẹ̀ tutù ni, torí nínú agbára tí iṣan ń rí látinú oúnjẹ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló ń di ìrìn tàbí eré, gbogbo èyí tó kù, ooru ló ń dà. Ẹni tó wé náílọ́ọ̀nù mọ́ra kàn ń dí ooru yẹn mọ́nú ni, omi ló ń pàdánù, tó bá sì mu ife omi méjì, ìwọ̀n tó rò pé òun ti jò ti padà síbẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan ná, torí nǹkan mẹ́ta mẹ́rin là ń pè bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá: iṣan. Ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan là ń pè é, okùn tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan náà ni. Èyí tí mo ń sọ níbí ni ẹran ara gangan, èyí tó máa ń le koko lápá tá a bá gbé korobá omi, èyí tó wà nítan, ní ìdí, lẹ́yìn. Nínú ara àgbàlagbà, nǹkan bí 30 sí 40 nínú ìwọ̀n 100 ló jẹ́ iṣan báyìí, kò sí ẹ̀yà ara míì tó tóbi tó o, àyàfi kí ọ̀rá pọ̀ lára ẹni náà gan-an. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa nílò ẹ̀ níwájú.

Ó dáa. Gbogbo ohun tí iṣan bá ń ṣe, owó kan ṣoṣo ló ń ná, orúkọ owó yẹn sì ni ATP. Kò gba ṣúgà, kò gba ọ̀rá, kò gba ẹ̀bà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pààrọ̀ wọn sí ATP ná. ATP yìí ní fọ́síféètì mẹ́ta tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀, tí èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá bá já, agbára tó ti ibẹ̀ jáde ni iṣan fi ń fà, ohun tó sì kù, tó ní fọ́síféètì méjì, la ń pè ní ADP. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa ẹ̀ ni pé iṣan kì í tọ́jú owó yìí pọ̀ rárá: téèyàn bá fi gbogbo agbára ẹ̀ sáré, ATP tó wà nílẹ̀ ò lè gbé e kọjá ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta. Síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ATP tí ara ń ná láti àárọ̀ dalẹ́ pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n ara èèyàn fúnra ẹ̀. Báwo ló ṣe ṣeé ṣe? Ńṣe ni wọ́n ń ná an, tí wọ́n ń tún un ṣe, tí wọ́n tún ń ná an, ẹyọ kan náà ń pààrà ọ̀nà yẹn láìmọye ìgbà lóòjọ́.

Ẹ wo Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde wa. Ní July 2022, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá 100 mítà tí wọ́n ń fo igi níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, obìnrin kankan ò tíì sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé nígbà yẹn. ATP tó wà nílẹ̀ nínú itan ẹ̀ ò lè gbé e kọjá igi àkọ́kọ́ lọ jìnnà. Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni kíríátíìnì fọ́síféètì, èyí tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀rẹ́ tó ní ṣéńjì lọ́wọ́: bí ATP kan bá ṣe di ADP báyìí, ló ti bọ́ fọ́síféètì tiẹ̀ fún un, ó tún di ATP padà, kò pẹ́ kò jìnnà. Ṣùgbọ́n òun náà ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ téèyàn bá ń lò ó lálòpatì. Kó tó tán ni iṣan ti ń fọ́ glaikojìn, ìyẹn ṣúgà tó ti tò pọ̀ lórí ara wọn tí iṣan kó sínú àká ara ẹ̀. Ọ̀nà yìí yá, kò sì dúró de ọ́síjìn, àmọ́ èrè ẹ̀ kéré, ẹyọ ṣúgà kan, tá a ń pè ní glúkóòsì, kì í mú ju ATP méjì mẹ́ta wá. Tí wọ́n bá wá gbé ohun tó kù lára glúkóòsì yẹn wọ inú mitokọ́ńdríà, àwọn ààrò kéékèèké tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì (àwọn yàrá tín-ín-tìn-ín tó para pọ̀ di ara) níbi tí wọ́n ti ń fi ọ́síjìn dáná, glúkóòsì kan náà á mú nǹkan bíi 30 wá. Ó ń falẹ̀ díẹ̀, àmọ́ òun ló ń gbé àwọn tó ń sáré jìnnà, òun náà ló gbé àǹtí mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀rá náà, inú ààrò yìí nìkan ló ti ń jó, kò sí ọ̀nà míì fún un.

Ibi téèyàn ti ń fọ́ ṣúgà kíákíá yìí ni laktéètì, ohun tí wọ́n ń pè ní láktíìkì ásíìdì ní jíìmù, ti ń jáde, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹ̀, torí wọ́n ti parọ́ mọ́ ọn púpọ̀. Gbogbo jíìmù tẹ́ ẹ bá dé ni wọ́n á ti sọ fún yín pé láktíìkì ásíìdì ló ń jẹ́ kí ara ro yín lọ́jọ́ kejì, pé ìdọ̀tí ni, kẹ́ ẹ fi ìfọ́wọ́ra fọ́ ọ jáde. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ibi burúkú. Archibald Hill àti Otto Meyerhof, tí wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti 1922, iṣan àkèré ni wọ́n ń yẹ̀ wò, Meyerhof sì rí i pé tí ọ́síjìn ò bá sí, tí iṣan náà ń fà tó ń fà, laktéètì á máa pọ̀ sí i títí á fi rẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn wá so ó pọ̀: laktéètì pọ̀, ó rẹ iṣan, a jẹ́ pé laktéètì ló pa á. Ṣùgbọ́n iṣan àkèré tí wọ́n ti yọ kúrò lára àkèré ni o! Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ẹ̀ kọjá, kò sí ibi tí laktéètì ọ̀hún máa gbà lọ.

Nínú ara èèyàn tó wà láàyè, laktéètì ń rìn. Ó ń jáde látinú iṣan tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ó ń wọnú èyí tó wà nítòsí ẹ̀ tó ní ààrò púpọ̀, wọ́n ń fi dáná níbẹ̀, ọkàn ń jẹ ẹ́, ọpọlọ pàápàá ń jẹ ẹ́, ẹ̀dọ̀ sì ń kó lára ẹ̀, ó ń fi í ṣe glúkóòsì tuntun dá padà sínú ẹ̀jẹ̀. Tọkọtaya kan, Carl àti Gerty Cori, tí wọ́n ti ìlú Prague wá sí Amẹ́ríkà, ló tọ ipa ọ̀nà ti ẹ̀dọ̀ yẹn, àwọn náà gba Nobel ní 1947. Téèyàn bá ti sinmi, láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, laktéètì inú ẹ̀jẹ̀ ti padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ara ríro tó ń yọ ní ọjọ́ kejì, tó ń le sí i ní ọjọ́ kẹta, báwo ló ṣe máa jẹ́ tiẹ̀ nígbà tó ti lọ láti àná? Àwọn okùn tín-ín-tìn-ín inú iṣan ló fara pa díẹ̀díẹ̀, pàápàá nígbà tí iṣan bá ń fà tí nǹkan sì ń nà án lẹ́ẹ̀kan náà, bíi kéèyàn máa sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè Olúmọ tàbí àtẹ̀gùn gígùn. Ara á wá ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tún un ṣe, ibẹ̀ á wú díẹ̀, á máa dunni. Tó bá ti di lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta téèyàn ti ṣe iṣẹ́ kan náà, kì í dunni tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àǹtí mi.

Báwo ni iṣan wọn ṣe mọ̀ pé àwọn ti ń rìn, pé owó ti ń lọ? Ohun méjì ló kọ́kọ́ ń sọ fún un. Èkíní ni kálísíọ̀mù. Gbogbo ìgbà tí ọpọlọ bá pàṣẹ pé kí iṣan fà, ńṣe ni kálísíọ̀mù ń tú jáde látinú àpò tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, òun ló ń jẹ́ kí àwọn okùn inú iṣan gbára wọn mú kí wọ́n sì fà, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀, ó tún ń jí àwọn tó ń fọ́ glaikojìn. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ṣe é: ohun kan náà tó ní kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló tún ní kí wọ́n kó owó jáde, kì í ṣe pé wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dúró dìgbà tí owó bá tán.

Ìkejì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ rántí ADP, èyí tó ṣẹ́ ku fọ́síféètì méjì. Tí iṣẹ́ bá le, iṣan á mú ADP méjì, á yọ fọ́síféètì kan lára ọ̀kan, á fi fún ìkejì, ATP kan á jáde níbẹ̀, èyí tí wọ́n bọ́ láṣọ á wá ku fọ́síféètì kan ṣoṣo, ìyẹn AMP. Kí lẹ rí níbẹ̀ yẹn? Ẹni tó fọ́ kólò ni. Èèyàn kì í fọ́ kólò nígbà tówó wà lápò, tẹ́ ẹ bá dé yàrá ẹnì kan tẹ́ ẹ rí àpáàdì kólò nílẹ̀, ẹ ò ní bèèrè bóyá nǹkan ń lọ déédéé. AMP ni àpáàdì yẹn. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí ATP fúnra ẹ̀ kì í dínkù púpọ̀ nínú iṣan bó ti wù kéèyàn ṣiṣẹ́ tó, ara ò gbà fún un, àmọ́ AMP tó kéré jọjọ tẹ́lẹ̀ lè di ìlọ́po ìlọ́po lójijì, kò ṣeé fojú fò dá.

Purotéènì kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa wo àpáàdì, AMPK lorúkọ ẹ̀, akápò ilé ni. Bí AMP bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti mọ̀ pé ìnáwó ti ju owó tó ń wọlé lọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Gbogbo iṣẹ́ tó ń jẹ owó tí kò kánjú, bíi kíkó ọ̀rá pamọ́, á ní kí wọ́n dá a dúró ná. Á yọ igi tí wọ́n fi há ẹnu ọ̀nà ààrò kí ọ̀rá lè wọlé lọ jó. Ó sì máa ń lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, ìyẹn ohun tí àǹtí mi ń bèèrè gan-an.

Ṣúgà ò kàn lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì iṣan bó ṣe wù ú, ó ní ilẹ̀kùn tó ń gbà, GLUT4 là ń pè é. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yìí ò rí bí ti ilé wa o. Nígbà téèyàn bá jókòó láìjẹun, púpọ̀ nínú wọn ò sí lára ògiri rárá, inú ilé ni wọ́n kó wọn sí, nínú àwọn àpò kéékèèké, purotéènì kan tó ń jẹ́ TBC1D4 sì dúró bíi mẹ́gáàdì, kò jẹ́ kí àwọn àpò náà lọ síwájú. Téèyàn bá jẹun, páńkíríà, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn ikùn, á tú ínsúlíìnì, oníṣẹ́ tó ń sọ fún ara pé kó gba ṣúgà wọlé, sínú ẹ̀jẹ̀, ínsúlíìnì á dé ara sẹ́ẹ̀lì, á kanlẹ̀kùn níta, iṣẹ́ tó rán á gba ọwọ́ ẹni bíi mélòó kan kọjá nínú sẹ́ẹ̀lì títí á fi dé ọ̀dọ̀ mẹ́gáàdì, wọ́n á fi fọ́síféètì sàmì sí i lára, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn àpò á wá lọ bá ògiri, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn, ilẹ̀kùn á yọ síta, ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Àrùn ṣúgà tó wọ́pọ̀ jù, èyí tó ń mú àgbàlagbà, inú ọ̀nà tí iṣẹ́ ínsúlíìnì ń gbà yẹn ni wàhálà wà. Ínsúlíìnì ń kanlẹ̀kùn, nígbà míì gan-an ó ń kàn án ju ti ẹni tára ẹ̀ le lọ, àwọn tó wà nínú ilé ò gbọ́ dáadáa. Mẹ́gáàdì ò kúrò lọ́nà. Ilẹ̀kùn wà nínú àpò. Ṣúgà dúró síta.

Ṣùgbọ́n iṣan tó ń fà kò dúró de ẹni tó ń kanlẹ̀kùn níta! Inú ilé ni ariwo tiẹ̀ ti ń wá. Kálísíọ̀mù ti pariwo, akápò AMPK ti rí àpáàdì, fífà tí iṣan ń fa ara ẹ̀ pàápàá jẹ́ àmì fún un, gbogbo wọn sì ń tọ́ka síbi kan náà: ẹ gbé ilẹ̀kùn wá sára ògiri. Kì í ṣe AMPK nìkan ló ń ṣe é o, torí eku tí wọ́n yọ AMPK kúrò nínú iṣan ẹ̀ ṣì ń gba ṣúgà wọlé tó bá sáré, a jẹ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, tí ọ̀kan bá dí, òmíràn ń ṣiṣẹ́. Wọ́n sì ti wò ó lára àwọn tó ní àrùn ṣúgà: ọ̀nà ti ínsúlíìnì ti bàjẹ́ lára wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wa kẹ̀kẹ́ ìdúró, èyí tí kì í kúrò lójú kan, fún ìgbà díẹ̀, GLUT4 wọn ń jáde sí ògiri bíi ti ẹni tára ẹ̀ dá ṣáṣá. Èmi rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tí dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní ṣúgà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n má kàn sọ fún un pé "ẹ máa ṣe ẹ́sásáìsì" bí ẹni ń báni wí. Ilẹ̀kùn yín ò bàjẹ́. Ẹni tó ń kàn án ni wọn ò gbọ́, ẹ sì ní ọ̀nà míì láti ṣí i.

Ohun tí mo wá sọ fún àǹtí mi nìyí: ṣúgà yẹn wọ itan yín àti ìdí yín lọ. Lápá kan, ó jó nínú ààrò ibẹ̀, ó di omi àti èéfín kábọ́ònù, ẹ sì mí èéfín yẹn síta bẹ́ ẹ ṣe ń rìn lọ ní títì. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Mo mí i síta?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe rí fún ọ̀rá náà nìyẹn, tí kílò mẹ́wàá ọ̀rá bá jó tán lára èèyàn, kílò 8.4 nínú ẹ̀, imú àti ẹnu ló ń gbà jáde, ìyókù ló ń di omi. Apá kejì ṣúgà náà á lọ dí àká glaikojìn tó ti jò. Kẹ́ ẹ sì wò ó, ṣúgà inú gbogbo ẹ̀jẹ̀ ẹni tára ẹ̀ dá ò ju ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan lọ, gíráàmù mẹ́rin márùn-ún báyìí, nígbà tí àká iṣan lè gba nǹkan bí 400 sí 500 gíráàmù. Ìyẹn ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ rántí bí iṣan ṣe tóbi tó. Ibi tí ṣúgà ń lọ nìyẹn lẹ́yìn oúnjẹ, tí ibẹ̀ bá kún dẹ́múdẹ́mú tí a ò rìn, níbo la fẹ́ kó gbà lọ?

Wọ́n tún ní ìdí wo ló fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n gún ìka láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣì rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti sùn. Èyí dáa púpọ̀. Téèyàn bá ti dúró, láàárín wákàtí díẹ̀, ilẹ̀kùn tí fífà gbé jáde á padà sínú àpò wọn, àmọ́ iṣan tó ti ṣiṣẹ́ á máa gbọ́ ohùn ínsúlíìnì dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó lè tó ọjọ́ kan, ó lè wọ ọjọ́ kejì. Ó jọ pé àmì tí wọ́n ti fi sára mẹ́gáàdì yẹn ò tètè pa rẹ́ tán, ìkànlẹ̀kùn díẹ̀ ló kù tó fi máa yà lọ́nà. Àká tó jò náà ń pe ṣúgà.

Àwọn dókítà méjì kan ní Stockholm, Jonas Bergström àti Eric Hultman, ṣe ohun kan ní 1966 tí mi ò lè gbàgbé. Ara wọn ni wọ́n fi dán an wò. Kẹ̀kẹ́ ìdúró kan ṣoṣo ni wọ́n lò, ọ̀kan jókòó lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, oníkálukú fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wa pẹ́dà tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹsẹ̀ kejì ń sinmi, wọ́n wà á títí tó fi rẹ̀ wọ́n. Wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ kan tó tóbi fa ẹran bíńtín jáde látinú itan méjèèjì láti wo glaikojìn tó wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ti gbẹ, èyí tó sinmi ò mọ nǹkan kan. Wọ́n wá ń jẹ oúnjẹ oníṣúgà fún ọjọ́ mẹ́ta, bíi kéèyàn máa jẹ ìrẹsì àti búrẹ́dì nìkan, wọ́n tún fa ẹran náà wò. Glaikojìn inú ẹsẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ti tó ìlọ́po méjì ti ẹsẹ̀ tó sinmi! Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń gba ẹsẹ̀ méjèèjì kọjá, ínsúlíìnì kan náà, oúnjẹ kan náà, ara ẹnì kan ṣoṣo. Èyí tó ṣiṣẹ́ nìkan ló ń gbà á.

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, ti ọjọ́ kan ni. Ẹni tó bá ń ṣe é lemọ́lemọ́ ńkọ́? Ariwo kálísíọ̀mù àti AMPK yẹn ń dé inú yàrá tí jíìnì wà, ìyẹn ìwé àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kọ́ ara ẹ̀, wọ́n ń jí purotéènì kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ PGC-1α, ilé iṣẹ́ ìwádìí Bruce Spiegelman ní Boston ló ṣàwárí ẹ̀ ní 1998. Òun ni mo ń pè ní olórí àwọn bíríkìlà, torí tó bá ti jí, á kó àwọn jíìnì tí wọ́n fi ń kọ́ mitokọ́ńdríà lẹ́nu iṣẹ́. Ààrò á máa pọ̀ sí i. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ orúkọ ẹ̀ ni John Holloszy ní ìlú St. Louis ti fi hàn ní 1967 pé eku tí wọ́n ń fi sáré lórí tirẹ́dímíìlì (ẹ̀rọ tí wọ́n ń sáré lórí ẹ̀ lójú kan) lọ́jọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, agbára tí iṣan ẹ̀ ní láti fi ọ́síjìn dáná ti di ìlọ́po méjì. Tó bá ṣòro láti gbà gbọ́ pé ìlò ló ń sọ bí ẹran á ṣe rí, ẹ wo ẹran adìẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀. Itan ẹ̀ dúdú, àyà ẹ̀ funfun. Ẹsẹ̀ ni adìẹ fi ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń tan ilẹ̀ kiri, ìyẹ́ ẹ̀ kì í ṣe ju kó fò gun ògiri lọ. Ẹ wá gé àyà ẹyẹlé tó ń fò jìnnà wò, pupa ni, torí ó kún fún ààrò àti ohun pupa tó ń tọ́jú ọ́síjìn síbẹ̀. Ti adìẹ àti ẹyẹlé, ìbí ni wọ́n bí i mọ́ wọn o, àmọ́ ti èèyàn ṣì lè yí díẹ̀ sí apá ibi téèyàn bá ń lò ó sí.

Iṣẹ́ olórí bíríkìlà yìí kì í pẹ́. Èèyàn rìn lónìí, á jí, láàárín ọjọ́ kan tàbí kó lé díẹ̀, á ti padà sùn. Búlọ́ọ̀kù díẹ̀ ló tò lọ́jọ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá rìn lọ́la, á tò lé e. Tẹ́ ẹ bá wá fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan jókòó, àwọn tó ń wó ilé tí wọn ò gbé mọ́ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ máa ń fẹ́ ṣe é lópin ọ̀sẹ̀ nìkan, wọ́n á pa ara wọn lọ́jọ́ Sátidé, ó dáa ju kéèyàn má ṣe rárá lọ, ṣùgbọ́n ẹ ti rí ìdí tí ìṣẹ́jú 30 lójoojúmọ́ fi ń tò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbígbé nǹkan tó wúwo, ọ̀nà tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ìwúwo tó ń fa iṣan ń jí purotéènì míì tí wọ́n ń pè ní mTOR, òun ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n mọ purotéènì tuntun kún okùn iṣan, àṣẹ yẹn sì lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì, torí náà ẹni tó gbé nǹkan tí kò jẹ ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí ẹran, ó ti pe bíríkìlà láìra sìmẹ́ńtì. Àwọn àgbàlagbà ni mo tìtorí wọn sọ èyí, kì í ṣe àwọn ọmọkùnrin tó fẹ́ kí àyà àwọn yọ nínú ṣẹ́ẹ̀tì nìkan. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, iṣan ń jò, bí iṣan bá sì ṣe ń jò ni àká tí ṣúgà ń lọ ń kéré sí i. Kéèyàn máa dìde lórí àga kó tún jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìfọwọ́ ti nǹkan, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, gbígbé nǹkan wúwo ni ìyẹn náà, ara ẹni lèèyàn ń gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ṣúgà. Nígbà tó jẹ́ pé iṣan lè gba ṣúgà láìdúró de ínsúlíìnì, tẹ́ ẹ bá wá gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tàbí lo oògùn bíi glibenclamide tó ń fipá mú páńkíríà tú u jáde, tẹ́ ẹ tún wá rìn jìnnà láìjẹun, ẹni méjì ló ń ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣúgà lè já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá ti kéré sí 70, ewu ti ń bọ̀: ara gbígbọ̀n, òógùn tútù, ojú tó ń ṣú. Ẹ mú ṣúwíìtì tàbí kóró ṣúgà dání nínú àpò, kẹ́ ẹ sì bá dókítà yín sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n oògùn. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, torí ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ní ṣúgà kì í tètè jinná. Nǹkan míì tó máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn ni pé tí wọ́n bá sá eré àsápajúdé, ṣúgà tiẹ̀ lè gòkè. Kì í ṣe pé ilẹ̀kùn ò ṣí. Adirẹnalíìnì ló sọ fún ẹ̀dọ̀ pé ogun dé, ẹ̀dọ̀ wá ń da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ ju bí iṣan ṣe ń gbà á lọ, tẹ́ ẹ bá sinmi díẹ̀ á máa wálẹ̀. Ìrìn tó mú èémí yá díẹ̀, tẹ́ ẹ ṣì lè máa sọ̀rọ̀, kì í sábà fa ìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá àǹtí mi tún pè. Wọ́n ní òjò ń rọ̀ látàárọ̀, àwọn ò lè jáde, àwọn wá gún iyán fún àwọn ọmọ, ṣé iyán gígún náà ń ṣílẹ̀kùn. Mo ní ó ń ṣí i, ti apá, ti èjìká, ti ẹ̀yìn, torí iṣan tó bá ṣiṣẹ́ nìkan ló ń gba tiẹ̀, ẹ rántí àwọn dókítà oníkẹ̀kẹ́ méjì yẹn. Ṣùgbọ́n itan àti ìdí ló tóbi jù lára, ibẹ̀ ni àká gidi wà, torí náà tójò bá dá, kẹ́ ẹ ṣì jáde. Wọ́n ní ẹsẹ̀ náà ṣiṣẹ́ níbi iyán, ìdúró làwọn fi gún un, àwọn sì ń tẹ orúnkún tí àwọn bá sọ ọmọ odó sílẹ̀. Mo bèèrè iye tí ẹ̀rọ sọ. Wọ́n ní 128, àwọn ò sì tíì jẹ nínú iyán ọ̀hún.